Yíyan Switch PoE Tó Ṣeé Darí fún Ilé Iṣẹ́ àti Fífi Í Sípò

Switch PoE a máa fi wáyà kan ṣoṣo gbé ìsọfúnni àti iná mànàmáná lọ sí kámẹ́rà ààbò, tẹlifóònù orí tábìlì àti ẹ̀rọ Wi-Fi. Iye ihò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń wò. Àpapọ̀ agbára rẹ̀ ni a rọ̀ yín láti kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó ní ihò 24, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 370, kò lè bọ́ ju ẹ̀rọ 14 lọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gba wáàtì 25. Ìlànà 802.3af ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 15.4; 802.3at ń fún un ní 30.

Wáyà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ, bàbà pọ́ńbélé ni kó sì jẹ́. Alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò lára, tí ọ̀pọ́ rẹ̀ ń fa ojú mọ́ra, a máa gbóná, iná inú rẹ̀ a sì dínkù kó tó dé òpin.

Ẹ so switch náà mọ́ inverter, kí kámẹ́rà má baà kú nígbà tí iná ọba bá lọ. Ẹ fi VLAN pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹni tó ń lo Wi-Fi àlejò má lè dé orí kọ̀ǹpútà ìṣirò owó. Bí kámẹ́rà bá dákú, ẹ lè pa ihò rẹ̀ kí ẹ sì tún un tàn láti orí kọ̀ǹpútà, láìgun àkàbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ yí padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e sípò gan-an.