Ìtàn Oúnjẹ Títà ní Òṣogbo àti ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àlejò kò ti lè rí oúnjẹ rà jẹ kí oòrùn tó kan àtàrí, nítorí ẹni tí ó bá ti jáde nílé ti kúrò lẹ́bàá ààrò ìyá rẹ̀ àti ti aya rẹ̀, ọwọ́ olóúnjẹ ni ó sì bọ́ sí. Síbẹ̀, bí ọ̀ràn náà ti rí ní Òṣogbo kọ́ ni ó rí ní Iléṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ. Lójú tèmi, tí mo ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ àgbègbè yìí, tí mo sì ń kọ ohun tí mo jẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ èrò ni ó fa ìyàtọ̀ náà: ibi tí èrò bá ti ń sọ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ títà ti ń gbèrú, irú èrò tí ó bá sì sọ̀ níbẹ̀ ni yóò pinnu irú ìkòkò tí olóúnjẹ yóò gbé kaná.

Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti Ìpólé ni Láróòyè àti Olútìmẹ́yìn ọdẹ ti gbéra, nígbà tí ọ̀dá dá tí omi sì di ohun àwárí, títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì bá Yèyé Ọ̀ṣun, olówó aró, dá májẹ̀mú. Ẹja tí odò náà rán jáde, tí Láróòyè tẹ́wọ́ gbà, ni Àtáọja, oyè ọba Òṣogbo, rọ̀ mọ́ títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé àwọn ará Òṣogbo ń pa ẹja odò náà jẹ nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ìránṣẹ́ Yèyé ni ẹja wọ̀nyí. A kì í ju ìwọ̀ sí wọn, a kì í da àwọ̀n bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í dọdẹ tí a kì í sì í dáko nínú igbó náà, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ̀fọ́ yánrin ni oúnjẹ tí a mọ̀ mọ́ Yèyé jù lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí ọbẹ̀ Òṣogbo ti pẹ́ tó, kí ó wá ibi tí wọ́n ti ń se yánrin lọ. Ewé rẹ̀ korò díẹ̀; ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo pupa àti irú ti gbà tán, bí ọbẹ̀ náà bá sì jinná, ìkorò náà kì í lọ pátápátá: a máa kù díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, òun gan-an ni ó sì ń mú kí ẹ̀kọ tútù tí a fi jẹ ẹ́ dùn létè. Èmi kò tíì jẹ ẹ̀fọ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn tó o.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ, láti ayé àtijọ́ ni èrò ti ń ya wọ ìlú, ìlú tí ó sì mọ̀ pé èrò ń bọ̀ lọ́dọọdún kò ní ṣàì mọ oúnjẹ tà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọdún di ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ojú irin. Ìlà irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ibẹ̀ ni ó sì parí sí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú lọ sí Ìkìrun, Ọ̀fà àti Jẹ́bà. Ibi tí ọ̀nà bá parí sí ni ẹrù ń kó jọ sí, ibi tí ẹrù bá sì kó jọ sí ni ebi ti ń pa alárù, akọ̀wé, atukọ̀ àti oníṣòwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra ekùrọ́ àti kòkó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánọ́ọ̀nù dé pẹ̀lú aṣọ. Àwọn Hausa ń kó obì lọ sí òkè ọya, wọ́n sì ń da màlúù bọ̀. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ní àdúgbò ibùdókọ̀ ojú irin, alákàrà jókòó ti ẹlẹ́kọ, ẹlẹ́wà jókòó ti onísùyà, olówàrà gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹni tí ó bá sì ti ojú fèrèsé ọkọ̀ na ọwọ́ jáde kò ní fà á padà lófo. Àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri lẹ́bàá ọkọ̀ ní láti mọ owó ṣírò kíákíá, nítorí ọkọ̀ tí ó bá fun fèrè kì í dúró de ṣéńjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé olóúnjẹ Òṣogbo kò lè ṣe agídí sí oúnjẹ kan ṣoṣo. Ó ní láti gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn, kí ó ní àmàlà fún ará Ọ̀yọ́, iyán fún ará Ìjẹ̀ṣà, tùwó fún Hausa àti ìrẹsì fún akọ̀wé. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń kẹ́gàn irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, pé kò ní orírun. Èmi kò fara mọ́ wọn. Orírun rẹ̀ ni ìpàdé ọ̀nà, ìyẹn náà sì jẹ́ orírun tí ó ṣeé fi yangàn.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti wọnú, ọ̀ràn mìíràn kì í wọ̀ ọ́, ẹni tí ó bá sì jiyàn èyí, kí ó wo ìtàn eré orí ìtàgé wa. Ní Ìbàdàn, ní ọdún 1961, inú ilé kan tí ó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù rí ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé ọmọ Òṣogbo, ní ilé ọtí kan tí a ń pè ní Popular Bar. Ilé ọtí yìí ni òun àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, sọ di ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, tí wọ́n sì fi eré Ọba Mọ́rọ̀ ṣí i. Ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń mu tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ ni iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti rí àyè gbérí, títí eré Ládiípọ̀, Ọba Kò So, fi dé Berlin ní ọdún 1964. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tí ó dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1950, wà nítòsí pẹ̀lú, ó ń tún ojúbọ Ọ̀ṣun ṣe. N kò rò pé ó jẹ́ èèṣì pé ibi ìjẹ àti ìmu ni ó gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lálejò ṣáájú ibòmíràn.

Ọkọ̀ ojú irin kò kan Iléṣà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọbòkun, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, wà nínú igbó wọn pẹ̀lú iṣu wọn, ohun tí ó sì mú èrò wá bá wọn ni kòkó. Frederick Haastrup, oníṣòwò tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1896 gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ́kọ Kìíní, wà lára àwọn tí ó ta àwọn ènìyàn rẹ̀ jí sí kòkó gbíngbìn, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí alágbàṣe fi ń wá láti òkèèrè, tí àwọn Ìgbìrà wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ti ń roko láti àárọ̀ kì í béèrè ohun tí ó fúyẹ́. Iyán ni ó ń béèrè, iyán náà sì ni olóúnjẹ Iléṣà mọ̀ ọ́n gún. A kúkú mọ̀ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ibi tí àwọn yòókù ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mú un ní òtítọ́. Àwọn Òṣómààló pàápàá, tí wọ́n gbé aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó yóò fi jáde, oríṣiríṣi oúnjẹ ni wọ́n jẹ lọ́wọ́ oríṣiríṣi olóúnjẹ, ṣùgbọ́n iyán ni wọ́n ń padà wá bá nílé.

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ẹ óò gbọ́ odó kí ẹ tó rí i. Iṣu funfun ni wọ́n ń sè, láìfi iyọ̀ sí i. Bí ó bá ti rọ̀, wọn a kó èkíní sínú odó, wọn a gún un kúnná kí wọ́n tó kó òmíràn lé e, nítorí ẹni tí ó bá da gbogbo iṣu sínú odó lẹ́ẹ̀kan náà ni kókó ń bá fínra. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lè dojú kọ odó kan, ọmọ odó ń lọ sókè bọ̀ wá sílẹ̀ láìkọlu ara wọn. Bí ó bá ti ń fà, obìnrin tí ó ni ìdí iṣẹ́ yóò ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, yóò sì fi ọwọ́ yí i padà láàárín ìró odó méjì. Ohun tí mo ń wò ní tèmi kò ju ọwọ́ yẹn lọ, nítorí ọwọ́ náà ni ó mọ ìgbà tí iyán tó. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi ewé dì í, ìgbà tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ bá sì tú ewé náà, òórùn ewé ti wọ inú iyán.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń kọ oúnjẹ wa sílẹ̀. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde ní ọdún 1951, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí bí a ti ń sè é. Bí mo bá ti kà wọ́n tán, ńṣe ni ìdáná ń wù mí. Ó kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà oúnjẹ sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì ka ẹ̀kọ, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ọ̀jọ̀jọ̀ ewùrà sí ìmọ̀ tí ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò ka ilé ìdáná sí ibi tí ìmọ̀ wà.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dẹwọ́, ọ̀pọ̀ èrò Òṣogbo ti bọ́ sí gáréèjì, àwọn olóúnjẹ sì ti tẹ̀ lé wọn. Ní ti Iléṣà, ilé ìpọntí tí Lawrence Ọmọle dá sílẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní ìparí ọdún 1978, ìyẹn náà sì bí ilé ẹran ìgbẹ́ àti ata rẹpẹtẹ. Ọ̀rá ti gba ipò ewé níbi púpọ̀, ó sì dùn mí, nítorí iyán inú ọ̀rá a máa làágùn, omi òógùn náà a sì padà rin ín. Ẹ̀rọ ìgúnyán dé. Ìyẹ̀fun iṣu dé pẹ̀lú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rò lórí iná gáàsì. N kò bá wọn jà, ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá jẹun ní Iléṣà, kí ó má ṣe wá nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í fà, àwọn oníyán tí ó mọṣẹ́ a sì máa wá iṣu àtijọ́ tí ó ti gbó mọ́ ọn kí wọ́n tó gún un. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, iṣu ti gbẹ, ìgbà náà ni kí ó wá.