Ìtọ́jú Ọmọ Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn: Láti Agbo Ilé Dé Kóòtù

Komu, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, níbi tí ó jẹ́ pé iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni ìdílé fi ń gbọ́ bùkátà kí owó oṣù tó di ohun tí a mọ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bíbọ́ ọmọ kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Owó orí, èyí tí àwọn ẹbí ọkọ ń san fún ẹbí ìyàwó nígbà ìdána, ni ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ti ìdílé bàbá ni ọmọ tí obìnrin náà bá bí. Nítorí náà, agbo ilé bàbá, lábẹ́ àṣẹ baálé ilé, ni ó ń bọ́ ọ, tí ó ń fún un ní ilẹ̀ oko, tí ó sì ń wá oníṣègùn fún un bí ara rẹ̀ kò bá yá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, jẹ́rìí sí i pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé àtijọ́. Bí ìyàwó bá sì kó lọ, ọmọ ọwọ́ a máa bá a lọ títí a ó fi já a lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé bàbá yóò wá gbà á.

Àwọn kóòtù ìbílẹ̀ tí òfin ìjọba amúnisìn ti 1914 fìdí wọn múlẹ̀ ni ó yí ètò yìí padà, nítorí pé wọ́n lè tú ìgbéyàwó ká bí a bá ti dá owó orí padà. Ní 1957, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tuntun fún àwọn kóòtù yìí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, nígbà tí ó sì di 1958, ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lò. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí adájọ́ fi ọmọ kékeré sílẹ̀ fún ìyá, kí ó sì pàṣẹ pé kí bàbá máa san owó oúnjẹ lóṣooṣù, nígbà mìíràn nípasẹ̀ akọ̀wé kóòtù. Ẹrù tí ó wà lórí agbo ilé di ti ọkùnrin kan ṣoṣo, ohun tí à ń kó wálé láti oko sì di owó. Àṣẹ oṣooṣù bá òṣìṣẹ́ ìjọba mu, ṣùgbọ́n ó nira fún àgbẹ̀ tí kì í rí owó gidi àfi lẹ́yìn ìkórè.

Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970, tí ó fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀, nítorí pé ìgbéyàwó alárédè nìkan ni ó wà fún. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ni ó sọ ọ́ gbangba pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn bá ti mọ, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006.

Ẹrù tuntun kan tún wọlé pẹ̀lú adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò tí ènìyàn ń dá owó sí ṣáájú kí àìsàn tó dé. Òfin 1999 ni ó dá a sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Òṣìṣẹ́ kan lè fi orúkọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Nítorí pé abẹ́ orúkọ òbí ni ọmọ wà, tí a sì ń yan ilé ìwòsàn nígbà ìforúkọsílẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn lè máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ní Komu láìrí àǹfààní rẹ̀ lò. Ìdájọ́ tí ó bá dárúkọ owó oúnjẹ nìkan, tí kò sọ òbí tí yóò forúkọ ọmọ sílẹ̀ àti ilé ìwòsàn tí yóò máa lò, ti fi apá kan ẹrù tí agbo ilé ń gbé tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹni tí yóò gbé e.