Páálí Lẹ́nu Ọ̀nà Ọsibítù: Owó, Ẹ̀rù àti Ìtọ́jú Aṣíkiri ní Ìlú Ọba

Obìnrin kan pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́, orí sì ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Gúúsù London ló ń gbé, kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ará wa ti sọ di Èkó kékeré. Mo ní kí ló dé tí kò tíì lọ rí dókítà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní béèrè páálí lọ́wọ́ mi?” Kò béèrè iye tí wọn yóò gbà. Páálí, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ló béèrè.

Ṣáájú ọjọ́ náà, èmi náà wà lára àwọn tó gbà pé owó ni olórí ohun tó ń dí aṣíkiri lọ́nà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn tí òfin ta láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù dé Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ aṣíkiri, ló ń lé aláìsàn padà sílé, òun ló sì yẹ kí á kọ́kọ́ já.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà ná. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni ẹni tó bá ń tọrọ físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ ti ń san owó ìlera kún owó físà. £200 ni lọ́dún nígbà náà. Ó di £400 ní 2019, ó di £624 ní 2020, ó sì di £1,035 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé ń san £776. Bí tọkọtaya kan àti ọmọ méjì bá gba físà iṣẹ́ ọdún márùn-ún, £18,110 ni owó ìlera nìkan. Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń san án, lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹsẹ̀ wọn tó kan pápákọ̀ òfuurufú. Bí wọ́n bá dé, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tún máa san owó orí bíi ti gbogbo onílẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ní 2020, ìjọba ní kí àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùtọ́jú arúgbó tó ti òkè òkun wá má san án mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni. Bí kò bá tọ́ kí nọ́ọ̀sì san nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe wá tọ́ fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ nílé ìtura?

Síbẹ̀, ẹni tó bá ti san án, ilẹ̀kùn ṣí fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kàn jù ni ẹni tí físà rẹ̀ ti tán, ẹni tó wá kí ẹbí tí àìsàn kì mọ́lẹ̀, àti, ní England, ẹni tó tọrọ ààbò tí wọ́n kọ̀ fún. Ìlọ́po kan ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú ná NHS (ètò ìlera ìjọba) ni òfin ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn san ní ọsibítù. Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní owó nínú: rírí dókítà àdúgbò, ìtọ́jú pàjáwìrì títí wọn yóò fi fúnni ní bẹ́ẹ̀dì, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti HIV láti ọdún 2012. Wọn kò gbọ́dọ̀ lé aboyún padà, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ gbèsè sí i lọ́rùn, láti nǹkan bí £7,000 lọ sókè. Bí gbèsè bá tó £500 tí oṣù méjì sì kọjá, ọsibítù lè fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí Home Office, físà mìíràn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ẹ̀gún inú ẹja. Láti ìparí oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ìtọ́jú Kòrónà ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba tún ní láti jáde wá kéde pé wọn kò ní yẹ ìwé ẹnikẹ́ni wò níbi abẹ́rẹ́. Bó bá ṣe pé owó nìkan ni ìṣòro, ọ̀fẹ́ ì bá ti yanjú rẹ̀, ìkéde wo ni wọ́n tún ń ṣe? Ìròyìn MBRRACE-UK ti ọdún 2019, èyí tó ń tọpa ikú aboyún àti abiyamọ, mẹ́nu kan obìnrin mẹ́ta tó kú tó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù gbèsè àti ti páálí ti fà sẹ́yìn nínú ìtọ́jú. Lọ́dún 2017 pàápàá, àdéhùn kan wà tí NHS Digital fi ń fún Home Office ní àdírẹ́sì aláìsàn. Àwọn aṣòfin figbe ta, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2018. Ìròyìn àdéhùn náà dé ilé ìdirun àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìròyìn ìdádúró kò débẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Nàìjíríà yóò ti rántí nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìbọn bá ba ènìyàn ní Èkó, ohun tí ọsibítù máa kọ́kọ́ béèrè ni “police report”. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, àwọn ẹbí ń sá kiri àgọ́ ọlọ́pàá. Olówó kú bẹ́ẹ̀, tálákà kú bẹ́ẹ̀. Ìwé ló pa wọ́n. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí gbogbo ọsibítù gba ẹni tí ìbọn bà, ó ní ìwé ọlọ́pàá, kò ní, ó san owó ìdúró, kò san. Òfin náà kò já okùn tán, nítorí ó ṣì ní kí ọsibítù fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí méjì, mo sì mọ ọsibítù tí kò tíì gbọ́ pé òfin kankan wà. Ṣùgbọ́n ó mọ èwo ló ń ṣáájú. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, England sọ ọ́ di dandan fún ọsibítù láti wádìí ẹni tó yẹ kó sanwó, kí wọ́n sì gbowó náà kí wọ́n tó tọ́jú àìsàn tí kì í ṣe kánjúkánjú. Ilé tiwa ń gbé ọlọ́pàá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ilé tiwọn ń gbé e wá síbẹ̀. Òfin yìí kò kan Scotland, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n kọ ààbò fún láìgba kọ́bọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn kan ti ìlú wa wá bímọ ní London, wọn kò sì san kọ́bọ̀. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ tilẹ̀ sọ wọ́n ní “Lagos shuttle”. Owó orí ará ìlú ni NHS fi ń ṣiṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè owó yàtọ̀ sí ìṣọ́ bodè. Aneurin Bevan, mínísítà tó dá NHS sílẹ̀ ní 1948, ti rí èyí ṣáájú: bí ẹ bá fẹ́ mọ àlejò yàtọ̀, gbogbo onílé ni yóò máa gbé ìwé kiri. Òfin ọdún 1949 fún ìjọba ní agbára láti gbowó lọ́wọ́ àlejò, ó di 1982 kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ Bevan ṣẹ, tí ayé gbọ́ pé ọkùnrin ọmọ Jàmáíkà kan, tó ti wà ní London láti kékeré ní 1973, ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì ní kó mú £54,000 wá nítorí kò rí ìwé fi hàn.

Mo bá àbúrò mi tó pè mí lórí fóònù yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Ọkùnrin tó jókòó sí kàńtà ní ká mú páspọ́ọ̀tù àti bíìlì iná wá. Ìlànà NHS England kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì kí ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Mo ṣí i lórí fóònù mi, mo nà án sí i. Ó kà á, ó wọlé lọ bi ẹnì kan, ó sì gbé fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ GMS1 jáde. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wọ̀n ọ́n lápá kejì, kò sọ̀rọ̀, ó pe áńbúláǹsì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde lóru ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ omi ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ kan gbé fọ́ọ̀mù wá sí bẹ́ẹ̀dì: ọjọ́ wo lo wọ̀lú, físà wo lo lò? Òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò yájú rárá. Àbúrò mi fọwọ́ sí i, ó wá yíjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò rí ìwé yìí?”

Gbèsè náà lé ní £7,000. £20 lóṣù ni wọ́n jọ ṣàdéhùn lé. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ £7,000 géérégé, oṣù 350 ni, ọmọ náà yóò ti lé ní ọdún 29. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kó tó ra Pampers, ó ti fi ti ọsibítù ránṣẹ́.