Ọ̀kẹ́: Àpò, Oǹkà àti Orúkọ Ọmọ

Bí a bá pe ọ̀kẹ́, àpò ni ẹlòmíràn yóò rò. Oníṣirò yóò ní 20,000. Ìyá àgbà yóò sì béèrè bí ọmọ náà ti ń ṣe.

Àpò ni ó ṣáájú. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni à ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni à ń dì sínú ọ̀kẹ́ kan. Báyìí ni orúkọ àpò ṣe di oǹkà, títí a fi ń pe mílíọ̀nù ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á nínú ìwé ìròyìn láìmọ̀ pé ìṣirò gidi ni.

Ọmọ tí a bí tòun ti àpò omi tí kò bẹ́ ni Ọ̀kẹ́. Kì í ṣe Tàlàbí tàbí Sàlàkọ́, àwọn tí àwọ̀ bò lórí nìkan.

Ṣùgbọ́n níbi tí a kò bá ti fi àmì sí i, Ọ̀kẹ́ àti Òkè di ọ̀kan náà. Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi tí ẹ ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè, kí àwọn ọmọ yín má baà máa sọ fún àlejò pé orí òkè ni a bí baba ńlá wọn sí.