Iyán Loúnjẹ, Ọkà Loògùn: Ọ̀rọ̀ Jíjẹ Àgbà ní Èjìgbò

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí a bá ti gbọ́ òwe yìí, ẹ̀rín la máa ń rín, a ó sì gbà pé iyán ni wọ́n ń kì. Ẹni tó bá tún un wò á rí i pé ètò ló wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà to oúnjẹ mẹ́rin, wọ́n sì yan iṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: iyán wà fún adùn àti iyì, ọkà wà fún ìtọ́jú ara, ẹ̀kọ wà fún ọjọ́ àìrí, gúgúrú sì wà kí ẹnu má baà dilẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ní ká má jẹ. Ètò yìí gan-an ni àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ nílò.

Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ iyán kọjá ọ̀rọ̀ ikùn. Òrìṣà Ògìyán tí ìlú ń bọ, tí oyè ọba ń jẹ́ mọ́, òrìṣà ajẹyán ni. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé babaláwo kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba Èjìgbò ti ìrìn àjò dé, ó sì pe ọba ní ajẹyán níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ka èyí sí àfojúdi, wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, òjò sì kọ̀ kò rọ̀ fún ọdún 7. Ètùtù ọ̀ràn náà ló di pàṣán tí àwọn ará àdúgbò fi ń na ara wọn lọ́jọ́ ọdún Ògìyán. Ìtàn náà kọjá òkun: ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pe òrìṣà yìí, iṣu náà ni wọ́n sì fi ń bọ ọ́. Ta ni yóò wá sọ fún bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní Èjìgbò tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn nítòsí ibẹ̀ pé kó kọ iyán sílẹ̀ pátápátá?

Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń sọ pé, "Mo ti dàgbà, kí ló tún kù tí n ó máa ṣọ́ ẹnu sí?" Wọ́n gbàgbé pé ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, àti pé ọ̀nà náà kì í yá nígbà gbogbo. Rọpárọsẹ̀ lè dá àgbà dùbúlẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀fun má lè gbé òkèlè mì dáadáa mọ́, kí ẹlòmíì máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Adùn tó ní òun ò lè fi sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Láti Àbíjàn ní Côte d'Ivoire, níbi tí ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran, ìkìlọ̀ á máa wọlé lórí fóònù: ẹ má jẹ iyán, ẹ má jẹ iyọ̀, ẹ má jẹ ẹran. Ìyá á wá máa fi ẹ̀kọ panu láàárọ̀ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀, ara àgbà ń jò, iṣan rẹ̀ ń dínkù. Bí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kò bá wọlé, ẹsẹ̀ á di aláìlágbára, ìṣubú ló sì máa ń tẹ̀lé e. Àìjẹunkánú ń pa àgbà, àjẹjù náà ń pa á.

Ká padà sórí ọkà, ìyẹn àmàlà. Nítorí a gbọ́ pé oògùn ni, àwọn alátọ̀gbẹ kan ń ro àmàlà bí òkè. Iṣu tí a gún níyán náà la bọ̀, tí a sá, tí a lọ̀ di èlùbọ́. Méjèèjì ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Fùfú kò yọ sílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Àbíjàn ń jẹ bọ̀ wálé, tí UNESCO ka ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ mọ́ àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2024. Ìwọ̀n ló ń sọ oúnjẹ di oògùn. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí a sì jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iyọ̀ ló fara sin jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èyí tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kún ṣíbí ìpotíì kan. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, ahọ́n kì í tètè gbọ́ adùn mọ́, ọwọ́ á sì máa wúwo nídìí iyọ̀. Iyọ̀ wà nínú magí. Ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru wà nínú kán-ún tí a fi ń se ewédú pẹ̀lú. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, ata, àlùbọ́sà àti efinrin lè mú ọbẹ̀ dùn láìsí iyọ̀, magí tàbí kán-ún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí bàbá yín jẹ iyán lọ́jọ́ ọdún, ẹ bá a jókòó jẹ ẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀, àti pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ béèrè ìwọ̀n tiyín lọ́wọ́ dókítà tó mọ ara yín, pàápàá ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán pẹ́, níwọ̀nba ni kó máa jẹ ẹ́.