Ǹjẹ́ Socrates Gba Ọlọ́run Gbọ́? Àyẹ̀wò Ẹjọ́ Ọdún 399 Ṣáájú Ìbí Kristi

1. Ìfáárà

Ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, ilé ẹjọ́ ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì dájọ́ ikú fún Socrates, amòye tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó nǹkan bí 70 ọdún. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun tí ọkùnrin yìí gbà gbọ́. Ojú aláìgbọlọ́rungbọ́ ni àwọn kan fi ń wò ó. Ní ti Justin, òǹkọ̀wé ìjọ Kristi tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ó ka Socrates mọ́ àwọn tí ó jẹ́ Kristẹni kí Kristi tó wá sáyé.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò ti èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì lẹ́yìn. Socrates gbà pé àwọn òrìṣà wà. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni òun àti àwọn ará ìlú rẹ̀ kò fẹnu kò lé lórí.

2. Orísun ẹ̀rí wa

Socrates kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ẹnu àwọn mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ ọ́n lójú ayé ni a ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nípa rẹ̀. Ẹni kìíní ni Aristophanes, tí ó gbé e sí orí ìtàgé nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan ní ọdún 423. Nínú eré náà, Socrates ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kò sí Zeus, pé ìjì tí ń yí ni ó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ni Plato àti Xenophon. Ọ̀rẹ́ Socrates ni àwọn wọ̀nyí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ̀wé láti gbèjà rẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn. Síbẹ̀, ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti dọ́gba, a lè fi ọkàn tán an ju bí a ṣe lè fi ọkàn tán ọ̀rọ̀ aláwàdà lọ.

3. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sùn náà

Meletus ni ó gbé ẹjọ́ lọ. Anytus àti Lycon ni wọ́n tì í lẹ́yìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà pín sí: pé Socrates kò ka àwọn òrìṣà tí ìlú kà sí sí, pé ó ń mú ohun ẹ̀mí tuntun wọ ìlú, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tí wọ́n lò nínú apá kìíní ni *nomizein*. Ó bá *nomos* tan, èyí tí ó túmọ̀ sí àṣà tàbí òfin. *Nomizein* lè túmọ̀ sí kí ènìyàn máa ṣe ohun tí àṣà là sílẹ̀. Ó sì lè túmọ̀ sí kí ó gbà lọ́kàn pé nǹkan wà. Bí a bá fẹ́ gbé e wá sí èdè Yorùbá, ‘bọ’ kéré jù fún un, ‘gbà gbọ́’ sì ti di ọ̀rọ̀ tí ìjọ Kristi fi àmì tirẹ̀ sí lára, débi pé ‘onígbàgbọ́’ ni a ń pe Kristẹni. ‘Kà sí’ ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí pé ìwà àti èrò ni ó kó pọ̀.

Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti ìwà, Xenophon dáhùn pé gbogbo ayé ni ó ń rí Socrates tí ó ń rúbọ nílé àti lórí pẹpẹ ìlú. Bí ó bá jẹ́ ti èrò, Plato sọ bí Meletus ṣe yí ohùn padà nígbà tí Socrates bi í léèrè ní ilé ẹjọ́: ó ní ọkùnrin náà kò gba òrìṣà kankan rárá, pé òkúta ni ó ń pe oòrùn. Socrates fèsì pé ẹ̀kọ́ Anaxagoras ni ìyẹn, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́jà fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Ó tún bi í pé báwo ni ẹni tí ń mú ohun ẹ̀mí wọ̀lú yóò ṣe sọ pé kò sí ẹ̀mí.

4. Ohun tí Socrates gbà

Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Èkíní, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chaerephon lọ sí ojúbọ Apollo ní Delphi láti béèrè bóyá ẹnìkan wà tí ó gbọ́n ju Socrates lọ. Àwòrò náà fèsì pé kò sí. Socrates sọ pé òrìṣà kò lè purọ́. Nítorí náà ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ kiri láti mọ ìtumọ̀ èsì náà, ó sì ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ tí òrìṣà rán an. Ó kọ̀ láti dá a dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú wà níbẹ̀. Èkejì, ó sọ pé láti kékeré ni àmì kan, *daimonion*, ti máa ń dá òun lẹ́kun nígbà tí òun bá fẹ́ ṣe àṣìṣe. Ẹ̀kẹta, Xenophon ròyìn bí ó ṣe fi ètò ara ènìyàn, bí ìpéǹpéjú tí ó dà bí ìlẹ̀kùn fún ojú, ṣàlàyé fún Aristodemus pé ọlọ́gbọ́n kan ni ó ṣe é.

Aláìgbọlọ́rungbọ́ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ẹlẹ́sìn Ọlọ́run kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òrìṣà kan ni, nígbà mìíràn bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Báyìí ni àwọn Gíríìkì ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí Plato ti wí, àkùkọ kan tí wọ́n jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ni ó mẹ́nu bà kẹ́yìn kí ó tó kú.

5. Ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà àwọn ará ìlú

Àwọn akéwì ilẹ̀ Gíríìsì ń sọ bí Zeus ṣe de baba rẹ̀ ní ìdè, àti bí àwọn òrìṣà ṣe ń bá ara wọn jà. Nínú *Euthyphro*, Socrates sọ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣòro fún òun láti gbà, ó sì fura pé ìdí abájọ ẹjọ́ òun nìyẹn. Ó béèrè pé: ṣé nítorí pé àwọn òrìṣà fẹ́ràn ohun mímọ́ ni ó ṣe jẹ́ mímọ́, àbí nítorí pé ó jẹ́ mímọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, àwọn òrìṣà pàápàá ń tẹ̀lé ohun rere. Wọn kì í ṣe aṣòfin rẹ̀. Xenophon náà jẹ́rìí pé Socrates kò gbà pé ẹbọ ńlá ti ọwọ́ olówó dùn mọ́ àwọn òrìṣà ju ẹbọ kékeré ti ọwọ́ tálákà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ìlú tí ń fi ẹbọ tu òrìṣà lójú nígbà ogun àti ìyàn ni Áténì. Bí ẹbọ kò bá lè yí òrìṣà lọ́kàn padà, kí ni ìlú yóò gbójú lé? Lẹ́yìn èyí, àmì tí Socrates ń sọ kò gba ọwọ́ àwòrò tàbí ìgbìmọ̀ ìlú kọjá. Òun nìkan ni ó ń gbọ́ ọ.

Àsìkò náà tún le. Sparta ti ṣẹ́gun Áténì ní ọdún 404, àwọn ọgbọ̀n aninilára sì ti jọba títí di 403. Critias, aṣíwájú wọn, ti bá Socrates rìn rí; bẹ́ẹ̀ náà ni Alcibiades, tí wọ́n fi ẹ̀sùn títàbùkù sí ohun ìsìn kàn ní ọdún 415. Àdéhùn ìdáríjì ọdún 403 kò jẹ́ kí a lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ó ti kọjá. Èyí ni àwọn onímọ̀ kan ṣe ka ẹ̀sùn ẹ̀sìn náà sí ìbòjú lásán. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú ìlú tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ìbínú òrìṣà àti ìparun ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì.

6. Ìkádìí

Ìdáhùn wa ni pé Socrates ka àwọn òrìṣà sí, ní ìwà àti ní èrò. Apá kìíní ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n òrìṣà tí kò lè purọ́, tí kò lè ṣe ibi, tí ẹbọ kò sì lè rà, kì í ṣe irú òrìṣà tí ìlú náà mọ̀. Lọ́nà yìí, àwọn tí wọ́n fura sí i kò ṣìnà pátápátá. Iye adájọ́ náà tó nǹkan bí 500. Plato ní bí 30 péré nínú àwọn tí ó dá a lẹ́bi bá yí padà ni, ì bá lọ ní àlàáfíà. Iye yìí fi hàn pé àwọn ará Áténì fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìbéèrè tí a fi ṣe àkọlé iṣẹ́ yìí.