Kámẹ́rà Onílẹ́ńsì Méjì

Kámẹ́rà onílẹ́ńsì méjì jẹ́ kámẹ́rà onífíìmù tí ó ní lẹ́ńsì méjì níwájú, ọ̀kan lórí èkejì. Lẹ́ńsì òkè ni a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yà. Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán sórí fíìmù. Ilé-iṣẹ́ Franke & Heidecke ní Jámánì gbé Rolleiflex jáde ní ọdún 1929; Yashica-Mat ti Japan jáde ní ọdún 1957. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo fíìmù 120, tí ó ń gba àwòrán 12.

Rírà àti ìtọ́jú

Àlòkù ni ó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí. Ní agbègbè etí ọ̀sà bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rinrin lè mú kí lẹ́ńsì bu bí búrẹ́dì. Bí ó bá pẹ́, yóò jẹ dígí náà, kò sì ní ṣeé nù kúrò mọ́. Lẹ́ńsì òkè lè mọ́ gaara nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí olùrà ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ó gbé e sí B kí ojú lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ lè wà ní ṣíṣí, kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò dára kí a tọ́jú rẹ̀ sínú àpò aláwọ, nítorí awọ máa ń gba ọ̀rinrin. Inú ike tí ó dé pinpin, pẹ̀lú èròjà tí ń fa omi, ni ó yẹ ẹ́.